Ọjọ́ Tí Aṣọ Pupa Gba Orí Òkè

Ohùn tó máa ń jí mi ní ilé wa ní Kàbà kì í ṣe ti àkùkọ, apasà Yèyé ni. Yèyé ni ìyá tó bí bàbá mi. Òfì rẹ̀ dúró ti ògiri yàrá láti ilẹ̀ dé àjà, apasà sì ni igi pẹlẹbẹ tó fi ń lu òwú kí aṣọ lè ki: gbì, gbì, yóò dákẹ́ díẹ̀, gbì. Bí ohùn yẹn bá ń lọ déédéé, gbogbo agbolé mọ̀ pé ara Yèyé yá. Bí ó bá dákẹ́ pẹ́, ìyàwó ilé kan ti ṣi nǹkan ṣe nìyẹn, yóò sì gbọ́ ọ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Lẹ́yìn apasà ni ìgbálẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ ní àgbàlá. Lẹ́yìn ìgbálẹ̀, bàbá mi, tó jẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì N.A., ìjọba ìbílẹ̀ ayé ìgbà náà, yóò pe gbogbo wa sí àdúrà ní pálọ̀. Lẹ́yìn àdúrà ni ohùn Ìyá Kékeré yóò gba ilé kan, kò sì ní dákẹ́ mọ́ títí a ó fi sùn. Ìyàwó àbúrò bàbá mi ni Ìyá Kékeré. Ó ń sọ̀rọ̀ bó ti ń gúnyán, ó ń sọ̀rọ̀ bó ti ń fọṣọ, ó ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lú orín lẹ́nu. Bàbá mi máa ń sọ pé bí wọ́n bá lè fi ẹnu rẹ̀ ṣe redíò, bátìrì rẹ̀ kò ní tán láyé. Òun náà yóò sì dáhùn pé, “Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ tan redíò yín ní àárọ̀ yìí, àdúrà yín sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kí ẹ̀kọ jóná.”

Ọdún tí mò ń sọ yìí, òjò kò mọ ìgbà tó yẹ kó sinmi. Aṣọ tó wà lórí òfì Yèyé ní gbogbo ọdún náà jẹ́ aṣọ pupa, irú èyí tí àwọn obìnrin Bùnù ń hun fún òkú àgbà. Ọmọ Bùnù ni Yèyé. Ọkọ ló gbé e wá sí Kàbà. Òwú pupa yẹn kì í ṣe èyí tí a ń ran nílé. Búláńkẹ́ẹ̀tì pupa ni wọ́n rà lọ́jà, a sì ń tú u ní fọ́nrán kọ̀ọ̀kan. Èmi ni mò ń ká a bí Yèyé ti ń tú u, ìka mi a sì pupa bí ẹni jẹ epo. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ni ó ń hun aṣọ náà fún, ẹ̀gbọ́n náà sì ń bẹ láàyè nígbà tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Mo ti sọ èyí fún àwọn ènìyàn láti ibòmíràn, mo sì rí i pé ó bà wọ́n lẹ́rù. Kò bà wá lẹ́rù. Ẹ̀gbọ́n náà fúnra rẹ̀ mọ̀. Ó tilẹ̀ ránṣẹ́ wá lẹ́ẹ̀kan láti béèrè bó ṣe ń lọ sí, ó sì ní kí Yèyé má ṣe fi òwú ṣahun, nítorí pé òun ga. Yèyé rẹ́rìn-ín títí ó fi di apasà mú. “Ẹ sọ fún un pé kí ó farabalẹ̀,” ó wí fún ìránṣẹ́, “aṣọ náà kò tíì dé ibi ẹsẹ̀ rẹ̀.”

Ilé baba Yèyé ní èèwọ̀ kan nípa irú aṣọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá rù ú lọ sí ilé òkú kò gbọ́dọ̀ la ẹnu: kò gbọ́dọ̀ kí ènìyàn, kò gbọ́dọ̀ dáhùn ìkíni, títí wọn yóò fi gba aṣọ náà lórí rẹ̀. Aṣọ náà kò sì gbọ́dọ̀ kanlẹ̀. Nígbà tí mo kúrò ní yunifásítì, mo bi àwọn àgbà mélòó kan ní Kàbà àti ní Bùnù nípa èèwọ̀ yìí. Àwọn kan mọ̀ ọ́n, àwọn kan kò gbọ́ ọ rí. Nítorí náà, mi ò ní sọ pé àṣà Bùnù ni. Ohun tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà sọ ni pé àṣà ilé yẹn ni, àti pé àwọn ará ilé yẹn kò fi ṣeré. Ohun tó mú kí ó le ni pé níbi tí gbogbo ènìyàn ti ń kíra wọn ní “okún” láti àárọ̀ dé alẹ́, tí wọ́n tilẹ̀ fi ìkíni náà sọ wá lórúkọ, tí wọ́n ń pè wá ní ará Okún, ẹni tí kò bá dáhùn ìkíni kò yàtọ̀ sí ẹni tó bú ènìyàn.

Ìròyìn ikú ẹ̀gbọ́n Yèyé dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ọkùnrin tó mú un wá ti fi ẹsẹ̀ rìn, ara rẹ̀ tutù, ó sì jẹ iyán tán kí ó tó sọ gbogbo rẹ̀. Ó ní wọn yóò sin bàbá náà ní ọjọ́ kejì, kí oòrùn tó wọ̀. Ó ní Báyọ̀, àkọ́bí olóògbé, ti sọ lójú àwọn àgbà pé àwọn kò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Pé Yèyé ti di ará Kàbà, ó ti di ará ṣọ́ọ̀ṣì, Kàbà kò sì ní jẹ́ kí ó wá. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn yé gbogbo wa, àní èmi ọmọdé. Ọmọ obìnrin tí aṣọ rẹ̀ kò bá dé kí wọ́n tó sin òkú, ilé yẹn kò ní bi í léèrè ohunkóhun mọ́. Bí wọ́n bá ń fi ọmọ fún ọkọ, wọn kò ní pè é. Bí wọ́n bá ń pín ilẹ̀, wọn kò ní rán sí i. Yóò di àlejò ní ilé tí wọ́n bí i sí. Ọ̀nà ìsàlẹ̀ kò sì ṣeé gbà: odò ti kún, ó ti gbé afárá igi lọ, a kò sì tíì gbúròó lọ́rì kankan láti apá ibẹ̀.

“Yèyé,” bàbá mi sọ, “ẹ jẹ́ kí omi fà. Ọlọ́run mọ ọkàn yín.”

“Ọlọ́run mọ̀ ọ́n,” Yèyé dáhùn. “Báyọ̀ ni kò mọ̀ ọ́n. A ó gba orí òkè.”

Orí òkè ni Yèyé gbà nígbà tí wọ́n ń mú un bọ̀ wá sílé ọkọ, ó sì ní ẹsẹ̀ òun kò tíì gbàgbé. Ṣùgbọ́n orúnkún rẹ̀ kò lè ru ẹrù gun òkè mọ́. Ìyá Kékeré ló dìde. “Èmi ni n ó rù ú,” ó wí. Gbogbo pálọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ọkọ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí àga. “Yèyé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ẹlòmíràn,” ó wí. “Èyí yóò kí eṣinṣin lójú ọ̀nà.” Ìyá Kékeré kò bínú. Ó ní, “Ọrùn mi le, ẹsẹ̀ mi sì le. Ẹnu nìkan ni ẹ ń bẹ̀rù, tèmi sì ni ẹnu náà, mo mọ ibi tí wọ́n ti ń tì í.” Yèyé wò ó títí, ó ní, “Ìwọ ni.” Ó sì ní èmi náà yóò bá wọn lọ, kí ilé òun lè rí ọmọ tí ọmọ òun bí.

A jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Aṣọ pupa náà wà nínú ẹní tí a ká yí i ká, a sì fi ewé gbígbẹ wé e. Mo ru igbá tí ẹ̀kọ àti ọ̀lẹ̀lẹ̀ wà nínú rẹ̀, Yèyé mú ọ̀pá. Ìyá Kékeré ló ṣáájú, nítorí pé ẹni tó ru aṣọ ló gbọ́dọ̀ máa ṣáájú. Yèyé wá ń darí rẹ̀ láti ẹ̀yìn: yà sí ọ̀tún, rọra, má tẹ ibẹ̀ yẹn. Ní ìsàlẹ̀ òkè, a bá Ìyá Sáyò, ọ̀rẹ́ Ìyá Kékeré, tó ń já ewé tí wọ́n fi ń pọ́n ẹ̀kọ. “Okún o, ọ̀rẹ́ mi!” ó kígbe. Ìyá Kékeré kọjá lọ. “Èwo nìyí? Okún o! Ṣé ìwọ náà ti yadi ni?” Yèyé sọ fún un pé aṣọ òkú ló wà lórí rẹ̀. Ìyá Sáyò fi ọwọ́ bo ẹnu, ó bá Yèyé kẹ́dùn, lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dán. “Háà, Ọlọ́run ti fi í lé mi lọ́wọ́ lónìí,” ó wí, ó sì ń tẹ̀ lé wa. “Ìwọ ìyàwó yìí, ìwọ lo sọ fún gbogbo ọjà pé ẹ̀kọ mi kì í dì. Dáhùn! O ní ọkọ mi ń hanrun bí ẹlẹ́dẹ̀. Dáhùn kí n gbọ́!” Ọrùn Ìyá Kékeré le gan-an, ṣùgbọ́n mo rí etí rẹ̀ láti ẹ̀yìn, etí náà ń mì. Mi ò mọ̀ bóyá etí ènìyàn lè mì lóòótọ́. Bí mo ṣe rí i nìyẹn.

Orí òkè àkọ́kọ́ jẹ́ àpáta lásán. Omi ń ṣàn lórí rẹ̀ ní pẹlẹbẹ bí ẹni da á sórí àwo, ohun tútù aláwọ̀ ewé kan sì hù síbẹ̀ tó ń yọ̀ bí ilá. A bọ́ bàtà. Yèyé fi ìdí fà sọ̀ kalẹ̀ ní ibi kan, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ rẹ́rìn-ín, kò sì sẹ́ni tó lè rẹ́rìn-ín jáde nínú wa àyàfi èmi. Láti ibẹ̀, mo wo ẹ̀yìn, mo rí Kàbà: àwọn òrùlé páànù díẹ̀ láàárín ti koríko, èéfín ń jáde lára wọn. N kò rò tẹ́lẹ̀ rí pé ènìyàn lè rí gbogbo ilé wa lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ó má gbọ́ ohùn kankan láti inú rẹ̀.

Orí òkè kejì ni mo rántí jù. Láti ìsàlẹ̀, ó dà bí ẹni pé orí rẹ̀ rí ṣóńṣó. Nígbà tí a gun ún dé, ó tẹ́ lọ rẹrẹ bí pápá bọ́ọ̀lù. Àpáta ló wà nísàlẹ̀, omi òjò kò rí ibi gbà wọlẹ̀, nítorí náà ó dúró nínú ilẹ̀ tó bo àpáta náà, ó sọ gbogbo rẹ̀ di àbàtà. Koríko hù níbẹ̀ ní ìdì ìdì, omi dúdú sì wà láàárín ìdì kan àti èkejì. Bí a bá tẹ ìdì kan, èyí tó wà níwájú rẹ̀ a mì. Kùrukùru ń kọjá lórí wa, ó tutù, kò sí ẹyẹ, àwọn ọ̀pọ̀lọ́ nìkan ló ń sọ̀rọ̀, wọ́n á sì dákẹ́ bí a bá súnmọ́ wọn. Yèyé sọ pé ibì kan wà láàárín àbàtà náà tí àpáta ti jìn bí àwo ọbẹ̀, tí ẹrẹ̀ sì kún inú rẹ̀. Ó ní òun mọ ibẹ̀ dáadáa. Ó ní ọ̀tún ni ènìyàn ń yà sí.

Ìyá Kékeré dúró lójijì. Ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ó mì í, ó yíjú, ó la ojú, ó sì fi ètè júwe apá òsì. Nísinsìnyí mo mọ̀ pé ó ti rí àwọn òkúta pẹlẹbẹ tí àwọn ará àtijọ́ tò sílẹ̀ fún ẹsẹ̀, apá òsì ni wọ́n sì wà. Kò sí bí yóò ṣe sọ ọ́.

“Kí ló dé?” Yèyé bi í. “Ó rẹ̀ ọ́?”

Ìyá Kékeré mi ẹsẹ̀ náà kíkankíkan, ó tún fi ètè júwe.

“Ìtọ̀ ni? Bí o bá fẹ́ tọ̀, sọ… rárá, má sọ. Di í mú.”

“Mm! Mm-mm!”

“Má kùn! Ìkùn yẹn ti ń di ọ̀rọ̀. Ọ̀tún, mo ní ọ̀tún! Ta ni wọ́n bí sí òkè yìí, èmi tàbí ìwọ?” Sùúrù Yèyé tán. Ó kọjá lára rẹ̀, ó bọ́ síwájú láti fi ọ̀nà hàn án, ó gbé ẹsẹ̀ méjì, ó sì rì. Ó kọ́kọ́ dé orúnkún, kí a tó mí ó ti dé itan. Ojú rẹ̀ kò fi ẹ̀rù hàn, ìyàlẹ́nu ló fi hàn, bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ gbá létí.

“Yèyé!”

Ìyá Kékeré ló kígbe, aṣọ sì wà lórí rẹ̀. Àwọn àpáta gba ohùn náà, wọ́n dá a padà fún wa. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí mi, ó ní kí n sọ igbá kalẹ̀, ó gbé aṣọ náà kúrò lórí rẹ̀, ó gbé e lé mi lórí, ó ní, “Dúró síbẹ̀, má mira.” Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí àwọn ìdì koríko, ó mú ọ̀pá Yèyé tó ti bọ́ sílẹ̀, ó nà án sí i, gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti há sí i lọ́fun láti àárọ̀ sì tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. “Ẹ di í mú! Ọwọ́ méjèèjì! Ẹ má bá ẹrẹ̀ jà, ẹ sùn sí i, ẹ sùn sí i bí ẹni sùn sórí ẹní! Mo ní òsì, ẹ ní mo fẹ́ tọ̀! Èmi tí mo ti tọ̀ kí n tó kúrò nílé! Ẹ fà! Òkúta wà níbẹ̀ bí eyín, ojú mi rí i, ojú yín kò rí i, ẹ ní ẹ̀yin ni wọ́n bí sí òkè! Ẹ fà, ìyá mi, ẹ fà, ẹ má kú mọ́ mi lọ́wọ́!” Yèyé sùn sí i, ó ń fà, ẹrẹ̀ ń mí bí ìkòkò ọbẹ̀. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ jáde, ó jáde pẹ̀lú ohùn tí n kò ní kọ síhìn-ín, Ìyá Kékeré sì sọ pé, “Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ̀yin tàbí ẹrẹ̀?”

Yèyé jókòó sórí òkúta, ó ń mí. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ ni, “Aṣọ ńkọ́?”

“Ó wà lórí ọmọ.”

“Ó kanlẹ̀?”

“Kò kanlẹ̀.”

Yèyé wo aṣọ náà lórí mi. “O pè mí,” ó wí.

Ìyá Kékeré jókòó tì í. “Mo pè yín.”

“Mo gbọ́.”

“Àwọn ọ̀pọ̀lọ́ nìkan ló tún gbọ́ ọ,” Ìyá Kékeré sọ, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. “Yèyé, ẹ gbọ́ mi. Ọmọ ló ń rù ú báyìí, ọmọ kò sì tíì sọ̀rọ̀. Kí ó rù ú délé. Bí Báyọ̀ bá béèrè, ẹni tó rù ú wọlé kò la ẹnu. Kì í ṣe irọ́.”

“Kì í ṣe irọ́,” Yèyé wí. Ó fi ewé nu ọ̀pá rẹ̀, ó sì dìde.

Bí mo ṣe di ẹni tó ru aṣọ pupa gba òkè kẹta nìyẹn. Ó wúwo ju bí mo ti rò lọ. Mo ń ṣáájú, àwọn méjèèjì ń bọ̀ lẹ́yìn mi, Ìyá Kékeré ló ru igbá mi. Mo ní àyè láti ro ọ̀rọ̀ náà. Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn: èmi ni mo ru aṣọ, èmi kò sọ̀rọ̀, bí a bá sọ bẹ́ẹ̀, òótọ́ ni. N kò rí ibi tí ó ti fọ́. Síbẹ̀, mo mọ̀ pé Yèyé ń rìn lẹ́yìn mi bí ẹni tó gbé ohun kan tó wúwo ju èyí tó wà lórí mi lọ. Títí di òní, mo ṣì gbà pé kò sí irọ́ nínú gbólóhùn Ìyá Kékeré. Ohun tí mo wá mọ̀ nígbẹ̀yìn ni pé kì í ṣe ohun tí Báyọ̀ ń béèrè ló dáhùn.

Oòrùn ti rọ̀ nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀ dé abúlé náà. Agbo ènìyàn kún àgbàlá, ilẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ ṣì pupa, aṣọ ọmọ obìnrin kan sì ti wà lórí pósí tí a ń rí nínú yàrá. Báyọ̀ dúró ní ẹnu ọ̀nà. Ọkùnrin gíga ni, ojú rẹ̀ wú. Ó wo ẹrù orí wa, ó wo Yèyé, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀ sí mi. “Okún o, ọmọ,” ó wí.

Èmi kò dáhùn. Mo gbọ́ tí àwọn obìnrin pòṣé. “Ọmọ Kàbà! Ṣé bí wọ́n ṣe ń tọ́ wọn níbẹ̀ nìyẹn?” Ó tún kí mi, ó rọra kí mi, bí ẹni ń kí ọmọ tirẹ̀. Mo wo ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, mo dákẹ́.

Báyọ̀ na ara rẹ̀, ó yíjú sí Yèyé. “Ẹnu ẹni tó rù ú,” ó béèrè, gbogbo àgbàlá sì ń gbọ́, “ṣé ó pa dé láti ilé títí dé ìhín?”

Mo mọ ohun tó yẹ kí Yèyé sọ. Ìyá Kékeré náà mọ̀ ọ́n. Kí Yèyé nàka sí mi nìkan ló kù.

“Kò pa dé,” Yèyé wí. “Ìyàwó yìí ló rù ú láti ilé. Mo rì lórí òkè, ó sì pè mí lórúkọ kí ó tó fà mí jáde. Lẹ́ẹ̀kan ni. Láti ìgbà náà, ọmọ yìí ló rù ú, ẹ sì ti dán an wò fúnra yín. Bí ẹ bá kọ aṣọ mi nítorí pé ìyàwó ké nígbà tí ìyá ọkọ rẹ̀ ń rì, ẹ sọ fún mi. N ó gbé e padà lọ, kí wọ́n fi sin èmi.”

Báyọ̀ wo ẹrẹ̀ tó gbẹ sí Yèyé lára dé itan.

“Inú àwo yẹn ni?” ó béèrè.

“Inú rẹ̀ ni.”

“Ó gba bàtà Bàbá méjèèjì lọ́dún kan,” Báyọ̀ wí. “Ariwo tó pa, ìsàlẹ̀ ibí ni a ti gbọ́ ọ.” Ẹnì kan rẹ́rìn-ín láàárín agbo, ó sì fi ọwọ́ dí i. Báyọ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó rò ó, mo rí i pé ó ń rò ó ní tòótọ́. Lẹ́yìn náà ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Yèyé, pẹ̀lú aṣọ funfun tó wọ̀. “Ẹni tó rì kò lè gbé aṣọ délé,” ó wí láti ilẹ̀. “Ìyàwó yín ṣe é dáadáa. Wọ́n ti tẹ́ ẹní àwọn ọmọ obìnrin, Yèyé. Àyè yín ṣì wà níbẹ̀.” Ó dìde, ó fi ọwọ́ méjèèjì gba aṣọ náà lórí mi, ọrùn mi sì fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́.

Àwọn ìyàwó ilé gbé omi wá kí Yèyé fi fọ ẹsẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbé e kalẹ̀ ná. Ó wọ inú yàrá lọ bó ṣe wà, èmi àti Ìyá Kékeré tẹ̀ lé e, ó tú aṣọ pupa náà lórí pósí láti orí dé ibi ẹsẹ̀, aṣọ náà sì tó. Ó tẹ́ igun rẹ̀ dáadáa bó ti máa ń tẹ́ aṣọ ibùsùn wa. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí ibi orí, ó sọ̀rọ̀ sí i bí ènìyàn ti ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń sùn sọ̀rọ̀, kò pariwo, ṣùgbọ́n Báyọ̀ tó dúró ní ẹnu ìlẹ̀kùn gbọ́ ọ, àwọn àgbà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì gbọ́ ọ.

“Ẹ̀gbọ́n, mo dé o. Ẹrẹ̀ ló dá mi dúró, kì í ṣe Kàbà.”